Omi iyọ̀ kan náà, ìdáhùn mẹ́rin: báwo la ṣe ń fi gbígbẹ omi ṣírò iye iyọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀?

Olùkọ́ SS2

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Kẹ́mísírì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ SS2 ní ilé ẹ̀kọ́ gírámà kan ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan tí kò kúrò lọ́kàn mi láti Ọjọ́rú.

Mo po omi iyọ̀ fún wọn. Mo wọn iyọ̀ ìsebẹ̀ 50 g, mo dà á sínú omi 500 cm³, mo sì rò ó títí gbogbo rẹ̀ fi yòrò. Èrò mi ni pé 100 g ni yóò wà nínú dm³ kan (ìyẹn 1000 cm³) omi iyọ̀ náà, nítorí náà bí ọmọ kan bá fa 25 cm³ nínú rẹ̀ tí ó sì sè é gbẹ, 2.50 g iyọ̀ ni ó yẹ kí ó kù sínú àwo. N kò sọ iye yìí fún wọn. Mo pín wọn sí ẹgbẹ́ mẹ́rin, mo ní kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan wọn àwo tánganran rẹ̀ lófìfo, kí wọ́n fi pípẹ́ẹ̀tì (ọ̀pá oníhò tí a fi ń fa omi wọ̀n) fa 25 cm³ sínú rẹ̀, kí wọ́n tún un wọ̀n, kí wọ́n gbé e kaná títí omi yóò fi gbẹ, kí ó tutù, kí wọ́n sì wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kẹta.

Ẹgbẹ́ kìíní, tí wọ́n gbé àwo wọn lé orí ìkòkò omi híhó nítorí pé sítóòfù kò kárí, ní àwo òfìfo 44.85 g, àwo pẹ̀lú omi iyọ̀ 71.40 g, àwo pẹ̀lú iyọ̀ gbígbẹ 47.24 g. Iyọ̀ wọn jẹ́ 2.39 g. Ẹgbẹ́ kejì rí 2.95 g. Ẹgbẹ́ kẹta rí 1.98 g. Ẹgbẹ́ kẹrin ní 46.20 g, 72.76 g àti 48.72 g, èyí tí ó fún wọn ní 2.52 g iyọ̀.

Mo yin ẹgbẹ́ kẹrin níwájú gbogbo kíláàsì, mo sì fún wọn ní máàkì 10 nínú 10. Ẹgbẹ́ kìíní gba 6. Nígbà tí a parí, ọmọbìnrin kan láti ẹgbẹ́ kìíní tọ̀ mí wá, ó ní: «Olùkọ́, a kò da nǹkan kan nù, iyọ̀ wa kò sì ta jáde. Níbo ni 0.11 g wa lọ?» N kò rí èsì gidi fún un. Ohun kejì tí ó rú mi lójú ni pé ẹgbẹ́ kejì kò fi 25 cm³ pín iyọ̀ wọn rárá, wíwúwo omi tí ó gbẹ lọ ni wọ́n fi pín in, wọ́n sì ń bá mi jiyàn pé bẹ́ẹ̀ ni ìwé wọn wí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wò ó.

Ọmọ Láàbù

Ẹ kú iṣẹ́ takuntakun, sà. Ìṣirò náà kò le: ẹ yọ wíwúwo àwo òfìfo kúrò nínú wíwúwo àwo pẹ̀lú iyọ̀ gbígbẹ, ẹ pín ohun tí ó kù pẹ̀lú iye cm³ tí ẹ fà, ẹ sì fi 1000 sọ ọ́ di púpọ̀. Ìyẹn ni g/dm³. Bí ẹ bá fẹ́ mol/dm³, ẹ fi 58.5, iye gíráàmù tí ó wà nínú móòlù kan iyọ̀ ìsebẹ̀, pín èyí tí ẹ rí.

Ní ti àwọn ẹgbẹ́ yín, ẹgbẹ́ kẹta jẹ́ kí iyọ̀ ta jáde lórí iná, ẹgbẹ́ kejì sì gbé àwo kúrò nígbà tí omi ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹgbẹ́ kìíní pẹ̀lú ti ní láti pàdánù díẹ̀ tí wọn kò rí. Ẹgbẹ́ kẹrin ló ṣe é dáadáa, 0.02 g tí wọ́n fi lé kò tó nǹkan.

Ìyá Olùdánwò

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń máàkì ìwé kẹ́mísírì àwọn ọmọ girama, tìfẹ́tìfẹ́ ni mo sì fi fẹ́ sọ fún Ọmọ Láàbù pé ó yára dá ẹjọ́ yìí. Ẹ jẹ́ kí a padà síbi tí olùkọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní òun da iyọ̀ 50 g sínú omi 500 cm³. Kò sọ pé òun fi omi kún un títí gbogbo rẹ̀ fi di 500 cm³. Ọ̀nà méjì tí ó yàtọ̀ síra pátápátá ni èyí, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ ti ń ṣubú lọ́dọọdún.

Bí ẹ bá da iyọ̀ 50 g sínú omi 500 cm³, àpapọ̀ náà yóò ga ju ilà 500 lọ, nítorí pé iyọ̀ tí ó yòrò ń gba àyè, bí kò tilẹ̀ gba àyè tó bí ó ti ń gbà nígbà tí ó gbẹ. Àwọn ìwọ̀n tí olùkọ́ fún wa lè fi bí ó ti ga tó hàn. Ẹgbẹ́ kìíní fa 25 cm³, ó sì wúwo tó 26.55 g (71.40 dín 44.85). Ìyẹn ni pé cm³ kan omi iyọ̀ yẹn wúwo tó 1.062 g. Omi 500 cm³ wúwo tó nǹkan bí 500 g, iyọ̀ jẹ́ 50 g, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 550 g. Ẹ fi 1.062 pín 550, ẹ ó rí nǹkan bí 518 cm³. Nítorí náà 50 g yìí wà nínú 518 cm³, kì í ṣe nínú 500, ohun tí ó sì wà nínú dm³ kan jẹ́ nǹkan bí 96.5 g. Nínú 25 cm³, iyọ̀ tí ó yẹ kí ó kù jẹ́ 2.41 g.

Ọ̀nà mìíràn tún wà tí ẹ ó fi yẹ̀ ẹ́ wò láìfi cm³ ṣe nǹkan kan. Nínú gbogbo 550 g àpapọ̀ yẹn, 50 g ni iyọ̀. Àwo ẹgbẹ́ kẹrin gba omi iyọ̀ 26.56 g (72.76 dín 46.20). Ẹ fi 50 sọ 26.56 di púpọ̀, kí ẹ fi 550 pín in, 2.41 g náà ni ẹ ó rí. Àwọn ọmọ wọ̀nyẹn rí 2.52 g. Níbo ni wọ́n ti rí 0.11 g tí kò sí nínú omi tí a fún wọn? Omi ni. Iyọ̀ wọn kò tíì gbẹ tán.

Nítorí náà, Olùkọ́, ẹgbẹ́ kìíní ni ó súnmọ́ òótọ́ jù lọ, 0.02 g péré ni wọ́n fi dín. 0.11 g tí ọmọbìnrin yẹn ń béèrè kò sọnù níbì kankan, kò sí nínú àwo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Olùkọ́ SS2

Ìyá, ẹ ṣeun gidigidi. Mo ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì mú ìwé mi jáde láti tún un ṣírò. Ó dùn mí púpọ̀ pé ọmọ tí ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa ni mo fún ní 6. N óò tún máàkì náà ṣe ní ọjọ́ Ajé, níwájú gbogbo wọn, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe yin àwọn tí ó kù níwájú gbogbo wọn.

Ọmọ Láàbù

Mo gba àṣìṣe mi, mà. N kò ka ibi tí wọ́n ti po omi iyọ̀ náà dáadáa.

Akẹ́kọ̀ọ́ SS3

Ẹ kú alẹ́, ẹ̀yin àgbà. Mo fẹ́ béèrè nípa ẹgbẹ́ kejì. Nínú ìbéèrè WAEC àtijọ́ tí a ń yẹ̀ wò, wọ́n máa ń ní kí a wá iye iyọ̀ tí ó lè yòrò nínú 100 g omi, omi tí ó gbẹ lọ gan-an ni a sì máa ń fi pín in. Ṣé àṣìṣe ni ẹgbẹ́ kejì ṣe lóòótọ́?

Ìyá Olùdánwò

Ìbéèrè rẹ dára, ọmọ mi. Ohun tí wọ́n ṣírò ní orúkọ, ó sì ní ibi tí a ti ń lò ó, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí olùkọ́ wọn béèrè.

Mú ìwọ̀n ẹgbẹ́ kìíní. Iyọ̀ jẹ́ 2.39 g, omi iyọ̀ jẹ́ 25 cm³ tí ó wúwo tó 26.55 g, omi tí ó gbẹ lọ jẹ́ 24.16 g. Bí o bá fi 25 cm³ pín iyọ̀ tí o sì fi 1000 sọ ọ́ di púpọ̀, o rí 95.6 g/dm³, èyí tí ó jẹ́ 1.63 mol/dm³ bí o bá fi 58.5 pín in. Bí o bá fi 26.55 pín iyọ̀ tí o sì fi 100 sọ ọ́ di púpọ̀, o rí 9.00, ìyẹn ni ìdá iyọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún wíwúwo omi iyọ̀. Bí o bá fi 24.16 pín in, o rí 9.89, ìyẹn ni gíráàmù iyọ̀ tí ó wà fún 100 g omi. Iyọ̀ kan náà ni, àwo kan náà ni, ohun tí a fi pín in ló yàtọ̀. Nígbà tí omi iyọ̀ kò bá nípọn, àwọn iye yìí máa ń súnmọ́ ara wọn débi pé ọmọ lè rò pé ọ̀kan ni wọ́n, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kejì sì lè má mọ̀ títí wọn yóò fi bá omi iyọ̀ tí ó ti yó pàdé.

Wo omi iyọ̀ tí ó ti yó, tí iyọ̀ mìíràn kò lè yòrò nínú rẹ̀ mọ́. Ní nǹkan bí 25°C, 100 g omi ń gba iyọ̀ ìsebẹ̀ tó nǹkan bí 36 g. Mo ti rí i lára ìwé àwọn ọmọ tí kò lóǹkà: wọ́n á fi 10 sọ 36 di púpọ̀, wọ́n á kọ 360 g/dm³ sílẹ̀. Rárá o. cm³ kan irú omi bẹ́ẹ̀ wúwo tó nǹkan bí 1.2 g, ohun tí ó sì wà nínú dm³ kan kò ju nǹkan bí 317 g lọ. Àṣìṣe tí olùkọ́ ṣe pẹ̀lú 50 g ni èyí, ó kàn dàgbà sí i ni.

Má sì gbàgbé láti kọ bí omi náà ṣe gbóná tó nígbà tí o fà á. Iyọ̀ ìsebẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ka ooru sí, nítorí pé nínú omi híhó gan-an kò ju nǹkan bí 39 g lọ, ṣùgbọ́n iyọ̀ mìíràn tí ń jẹ́ potásíọ̀mù náítíréètì ń lọ láti nǹkan bí 32 g ní 20°C sí ohun tí ó lé ní 200 g nínú omi híhó. Bí o bá fa irú èyí nígbà tí ó gbóná, yóò dì mọ́ inú pípẹ́ẹ̀tì rẹ kí o tó gbé e dé orí àwo.

Bàbá Alágbẹ̀dẹ

Ẹ kú àpérò. Èmi kì í ṣe olùkọ́, ṣùgbọ́n iná ni iṣẹ́ mi. Bí iyọ̀ kò bá gbẹ, iná kò tó ni. Ẹ ṣí gáàsì dáadáa, kí àwo pọ́n. Iyọ̀ kì í jóná. Kí ẹ sì wọ̀n ọ́n bí ó ti ń gbóná, kí afẹ́fẹ́ tó tún fún un lómi.

Òṣìṣẹ́ Ilé Omi

Bàbá, ẹ kú iná o. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yín, nítorí pé iyọ̀ kò ní yọ́ títí iná yóò fi dé 801°C, sítóòfù ilé ẹ̀kọ́ kò sì lè dé ibẹ̀ lábẹ́ àwo tánganran. Síbẹ̀, bí Olùkọ́ bá gba ìmọ̀ràn méjèèjì yẹn, ohun tí ó bá ẹgbẹ́ kẹta ni yóò bá gbogbo kíláàsì. Iṣẹ́ mi lójoojúmọ́ ni kí n se omi gbẹ kí n sì wọn ohun tí ó kù nínú rẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ti ń ṣe é.

Níbẹ̀rẹ̀, kò séwu. Omi pọ̀, ó ń hó wọ́ọ́rọ́wọ́. Ìgbà tí ó bá ku bí ṣíbí kan, tí iyọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hàn ní etí àwo bí ìpẹ́pẹ́ funfun, tí ojú omi sì ń di awọ, ni kí ẹ ṣọ́ra. Iyọ̀ ti bo omi mọ́lẹ̀, ooru kò rí ọ̀nà jáde, yóò sì fipá ya ọ̀nà fún ara rẹ̀. Ẹ ó gbọ́ «tà! tà!» bí àgbàdo tí a ń yan, ẹ ó sì rí ẹ̀ta iyọ̀ lórí tábìlì. Èyí tí ẹ rí lórí tábìlì yẹn ti kúrò nínú ìṣirò yín. Kódà lẹ́yìn tí ó bá ti gbẹ lójú, omi díẹ̀ ṣì máa ń há sínú hóró iyọ̀, bí iná bá sì mú un lójijì, hóró náà yóò fọ́, yóò sì fò jáde.

Ohun tí ẹgbẹ́ kìíní ṣe ni ó dára jù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àìsí sítóòfù ló mú wọn ṣe é. Àwo orí ìkòkò omi híhó kò lè gbóná ju omi tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ lọ, nítorí náà kì í ta. Ó ń pẹ́, mo mọ̀. Bí àkókò kò bá tó, ẹ da yanrìn sínú páànù, ẹ gbé páànù kaná, kí ẹ ri ìdí àwo sínú yanrìn náà, ooru yóò wá díẹ̀díẹ̀ láti gbogbo ẹ̀gbẹ́. Ẹ fi àwo pẹlẹbẹ kékeré kan tàbí fọ́nẹ́ẹ̀lì tí a dojú rẹ̀ délẹ̀ bò ó láàbọ̀. Bí iyọ̀ bá ta lù ú, ẹ fi ẹ̀kán omi mímọ́ díẹ̀ ṣàn án padà sínú àwo kí ẹ tó gbẹ ẹ́ tán.

Lẹ́yìn èyí ni gbígbẹ gidi. Nínú láàbù wa, ófùnù tí a ṣètò sí nǹkan bí 110°C ni a ń lò. Ófùnù gáàsì ilé ìdáná lè ṣe é bí iná rẹ̀ bá kéré. Ẹ gbé e sínú rẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ mú un jáde, kí ó tutù, ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ dá a padà fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ó tutù, ẹ tún un wọ̀n. Bí ìwọ̀n kejì bá dín sí ti àkọ́kọ́, omi ṣì wà níbẹ̀. Ẹ ó máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí ìwọ̀n méjì tí ó tẹ̀ léra yóò fi bára mu. Ẹnì kan kò lè fi ojú mọ iyọ̀ tí ó ti gbẹ. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ẹgbẹ́ kẹrin wọn tiwọn, ìdí nìyẹn tí wọn kò fi mọ̀ pé 0.11 g omi wà lábẹ́ iyọ̀ tí ó funfun bí òwú.

Ní ti wíwọ̀n nígbà tí ó ń gbóná, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dán an wò. Àwo gbígbóná ń mú kí afẹ́fẹ́ tí ó yí i ká máa gòkè, afẹ́fẹ́ náà á máa gbé àwo sókè díẹ̀, òṣùwọ̀n á sì ka iye tí ó kéré ju òótọ́ lọ. Ó tún lè ba òṣùwọ̀n jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tí ń ba Bàbá kò ṣàìnídìí, nítorí pé bí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá ti kọjá nǹkan bí 75 nínú ọgọ́rùn-ún, iyọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi mọ́ra, lásìkò òjò lọ́dọ̀ wa ó sì máa ń kọjá bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ẹ wá ike tàbí agolo tí ìdérí rẹ̀ fún pinpin, ẹ da kálísíọ̀mù kíláráídì gbígbẹ, tí ń fa ọ̀rinrin mọ́ra, sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ gbé àwo lé orí nǹkan kékeré kan nínú rẹ̀, kí ẹ dé e títí yóò fi tutù. Láti inú agolo sórí òṣùwọ̀n, láìdúró sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà.

Bàbá Alágbẹ̀dẹ

Mo gbọ́. Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ tí ń gbé àwo sókè yẹn yé mi, nítorí mo ti rí i lórí ẹwìrì, bí eérú ṣe ń gòkè fúnra rẹ̀ láìsí ẹni tí ó fẹ́ ẹ.

Àdùnní Kútọnu

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń gbé Kútọnu, mo sì ti lọ sí Djègbadji lẹ́bàá Ouidah lásìkò ẹ̀rùn, níbi tí àwọn obìnrin ti ń se iyọ̀. Wọ́n máa ń ha ilẹ̀ oníyọ̀ etí ọ̀sà jọ, wọn á kó o sínú agbọ̀n ńlá, wọn á da omi ọ̀sà lé e lórí, omi tí ó bá sì ro jáde nísàlẹ̀ ni wọ́n ń sè. Ṣùgbọ́n wọn kì í sè é bẹ́ẹ̀ láìdán an wò. Wọ́n máa ń ju èkùrọ́ sínú rẹ̀. Bí ó bá rì, omi náà kò tíì tó iná, wọn á tún dà á gba orí ilẹ̀ oníyọ̀. Bí ó bá léfòó, wọn á gbé e kaná. Igi ìdáná wọ́n, ẹni tí ó bá ń se omi tí iyọ̀ rẹ̀ kò pọ̀, igi ló ń fi ṣòfò. Mo rò pé àwọn ọmọ Olùkọ́ lè lo èyí láti mọ iye iyọ̀ láìsí pé wọ́n ń sun gáàsì.

Ọmọ Láàbù

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Nǹkan yìí ni ìyá bàbá mi ń ṣe ní ọ̀nà mìíràn. Bí wọ́n bá ti pa èkùrọ́ tán, wọn á po amọ̀ mọ́ omi, wọn á da gbogbo rẹ̀ sínú rẹ̀, èkùrọ́ á léfòó, èèpo á rì, wọn á sì fi ajere kó èkùrọ́ kúrò lójú omi. Láti kékeré ni mo ti ń wò ó, n kò sì mọ̀ títí di òní pé ohun tí Ìyá Olùdánwò fi 1.062 g ṣe, ìyẹn wíwo bí cm³ kan omi ṣe wúwo tó, ni wọ́n ń fi amọ̀ ṣe.

Síbẹ̀, mo fẹ́ fi kún un pé èkùrọ́ kò lè sọ iye. Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ nìkan ló ń sọ: omi yìí wúwo jù mí lọ, tàbí kò wúwo tó mi. Ẹyin tí àwọn mìíràn ń lò náà rí bẹ́ẹ̀, ó sì tún ní ìṣòro tirẹ̀, nítorí pé ẹyin tí ó ti pẹ́ nílé máa ń léfòó nínú omi tí kò ní iyọ̀ rárá. Bí a bá fẹ́ iye, àfi kí a wọ̀n ọ́n.

Òṣìṣẹ́ Ilé Omi

Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ọ̀nà àwọn obìnrin yẹn sílẹ̀, Olùkọ́. Ẹ lè po omi iyọ̀ márùn-ún tí ẹ mọ iye iyọ̀ inú wọn, kí ẹ wọn 25 cm³ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì ya ilà rẹ̀ sórí ìwé gíráàfù. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ ó wọn 25 cm³ omi iyọ̀ tí ẹ kò mọ̀, ẹ ó wo ibi tí ó bọ́ sí lórí ilà, ẹ ó sì rí iye rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹ wá sè é gbẹ láti mọ̀ bóyá ọ̀nà méjèèjì bára mu.

Ọmọ Etí Òkun

Mo ti ṣe èyí pẹ̀lú omi òkun tí mo bù ní etíkun Èkó. Mo fa 25 cm³, mo sè é gbẹ, mo sì ń wọ̀n ọ́n lákọ̀tun, ṣùgbọ́n ìwọ̀n náà kò dúró. Bí mo bá sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀, yóò lọ sókè. Bí mo bá dá a padà sórí iná, yóò lọ sílẹ̀, kò sì yéé lọ sílẹ̀. Mo tọ́ ọ wò, ó korò. Ṣé òṣùwọ̀n mi ló bàjẹ́?

Òṣìṣẹ́ Ilé Omi

Òṣùwọ̀n yín kò bàjẹ́. Omi òkun kì í ṣe omi iyọ̀ ìsebẹ̀ nìkan. Mágínísíọ̀mù kíláráídì wà nínú rẹ̀, òun ló korò, òun náà ló ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra ju iyọ̀ ìsebẹ̀ lọ fíìfíì. Bí ẹ bá sì fi iná mú un, kì í ṣe omi nìkan ló ń lọ. Ó ń bá omi tí ó dì mọ́ ọn ṣe pọ̀, ó sì ń tú afẹ́fẹ́ ásíìdì háídírókílọ́ríìkì jáde, nítorí náà ìwọ̀n á máa dín sí i. Ẹ ṣílẹ̀kùn bí ẹ bá ń ṣe é. Omi agbami òkun ní nǹkan bí 35 g oríṣiríṣi iyọ̀ nínú kg kan, ṣùgbọ́n etíkun Èkó ń gba omi ọ̀sà tí kò ní iyọ̀ púpọ̀, ó sì lè dín sí bẹ́ẹ̀. Ẹ má sì fi 58.5 pín ohun tí ẹ bá rí, nítorí kì í ṣe iyọ̀ kan ṣoṣo ni ẹ gbẹ.

Akẹ́kọ̀ọ́ SS3

Ṣé iyọ̀ ìsebẹ̀ tí wọ́n fi áyódíìnì sí kò ní ba ìṣirò jẹ́ bákan náà?

Ìyá Olùdánwò

Rárá, ọmọ mi. Ohun tí wọ́n fi sí i kò tó gíráàmù kan nínú kílò kan, òṣùwọ̀n ilé ẹ̀kọ́ kò lè rí i nínú 2.5 g. Ohun tí ó yẹ kí ẹ bẹ̀rù ni ọ̀rinrin tí ó wà nínú iyọ̀ tí a kò dé dáadáa. Bí Olùkọ́ bá wọn iyọ̀ tútù 50 g, ó lè jẹ́ 49 g iyọ̀ àti 1 g omi ni ó wọ̀n. Ẹ kọ́kọ́ gbẹ iyọ̀ náà kí ẹ tó wọ̀n ọ́n.

Olùkọ́ SS2

Ẹ kú àárọ̀, ẹ̀yin ènìyàn mi. Mo ti padà dé láti kíláàsì, mo sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ bí ó ti lọ.

Mo tẹ́ iyọ̀ sínú páànù, mo gbẹ ẹ́ nínú ófùnù gáàsì ìyàwó mi fún wákàtí méjì, mo sì dé e mọ́lẹ̀ títí di àárọ̀. Mo wọn 50.00 g, mo yòrò rẹ̀ nínú omi tí kò tó 400 cm³, mo dà á sínú ìgò ọlọ́rùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ní ilà 500, mo fi omi ṣan ife tí mo fi rò ó lẹ́ẹ̀mejì sínú rẹ̀, lẹ́yìn náà ni mo wá fi omi kún un títí ó fi kan ilà. Lọ́tẹ̀ yìí, 100 g/dm³ ni lóòótọ́.

Gbogbo ẹgbẹ́ lo ìkòkò omi híhó, wọ́n sì bo àwo wọn láàbọ̀. Mo jókòó ti ẹgbẹ́ kẹta, àwọn tí iyọ̀ wọn ta jáde níjọ́sí. Àwo wọn jẹ́ 45.12 g lófìfo, 71.72 g pẹ̀lú omi iyọ̀. Lẹ́yìn gbígbẹ àkọ́kọ́, ó jẹ́ 47.69 g. Wọ́n fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ kí wọ́n máa lọ. Mo ní kí wọ́n dá a padà. Ó di 47.61 g, inú wọn kò dùn. Wọ́n tún dá a padà, ó di 47.60 g, wọ́n dá a padà lẹ́ẹ̀kan sí i, 47.60 g náà ni. Ariwo tí wọ́n pa, ẹ̀ẹ̀kan náà ni ọ̀gá àgbà yọjú wá wò wá. Iyọ̀ wọn jẹ́ 2.48 g, ìyẹn 99.2 g/dm³. Àwọn ẹgbẹ́ mẹ́ta tó kù rí 2.49 g, 2.47 g àti 2.48 g.

Mo tún máàkì ẹgbẹ́ kìíní ṣe, mo sì ṣàlàyé fún gbogbo wọn pé èmi ni mo po omi iyọ̀ tí n kò wọ̀n dáadáa. Ọmọbìnrin ọjọ́sí wá béèrè ohun mìíràn, mo sì fẹ́ kí ẹ ràn mí lọ́wọ́: ṣé ọ̀nà yìí kan náà ni a lè fi mọ iye nǹkan ìwúkàrà tí àwọn aṣebúrẹ́dì ń lò, sódíọ̀mù báíkábónéètì, bí a bá yòrò rẹ̀ nínú omi?

Òṣìṣẹ́ Ilé Omi

Ẹ kí i fún mi. Kò ní ṣeé ṣe bí ti iyọ̀ ìsebẹ̀, nítorí pé báíkábónéètì kì í fara da iná. Bí omi bá ti ń gbóná ni ó ti ń tú, afẹ́fẹ́ kábónìdáyọ́sáídì á jáde lára rẹ̀ pẹ̀lú omi, èyí tí yóò sì kù sínú àwo ni sódíọ̀mù kábónéètì. Nínú 168 g báíkábónéètì, 106 g péré ni yóò kù bí ó bá tú tán.

Ìyá Olùdánwò

Ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún un pé kò ṣeé ṣe rárá. Bí ó bá gbẹ ẹ́ títí ìwọ̀n rẹ̀ fi dúró lójú kan, tí ó sì mọ̀ pé kábónéètì ni ó wà níwájú òun, ó lè fi 168 sọ ọ́ di púpọ̀ kí ó fi 106 pín in, yóò sì padà sí iye tí ó wà nínú omi níbẹ̀rẹ̀. Ẹ yòrò 2.00 g fún un láìsọ iye rẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí ó bá nínú àwo ni 1.26 g.